Ẹni Tí Ń Pe Màlúù Jẹun

Ìpè kìíní ti kọjá, mi ò dáhùn.

"Oúnjẹ dé o!" Ohùn ọkọ mi ló jáde látinú ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ òkè ọpọ́n ìjẹun. Ó gba gbogbo ilé ìdúró màlúù kan, ó lu páànù, ó padà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ níbi tí mo dúró sí. Gbogbo màlúù gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kékeré tó wà létí wọn ti pọ́n, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbé mì ti ròyìn fún un pé inú wọn ṣófo. Wọn ò wo ọpọ́n o. Èmi ni wọ́n ń wò.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Iná funfun tó wà lórí ẹ̀rọ ń tàn, ó ń dúró dè mí. Nígbà tó sú u, ó kú.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà," Akínkúnmi wí.

Akínkúnmi ni òṣìṣẹ́ tí Àjọ Ẹran rán sí wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ dáadáa tí í máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó gbé ìròyìn burúkú kalẹ̀. Ó ti gbé àpótí ẹlẹ́rìí rẹ̀, èyí tó ń ṣọ́ ìdáhùn mi, sílẹ̀ láàárín wa, ó ń nu òógùn. "Ó ku ìpè méjì, mà. Ẹ̀rọ á sinmi díẹ̀, á tún pè. Tí iná funfun yẹn bá ti ń tàn, ó ń gbọ́ nìyẹn. Tó bá ti kú, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ yín."

"Ta lò ń kọ́? Èmi tí mo ti ń dá a lóhùn kí wọ́n tó já ọ lẹ́nu ọmú?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Tún òfin yẹn sọ, kí àǹtí mi fi etí ara wọn gbọ́ ọ."

Àǹtí Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, jókòó sórí àpò èèpo pákí, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ kan òun. Láti Ṣakí ni wọ́n ti wá. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti dé, wọn ò mu omi wa.

Akínkúnmi ka òfin náà látorí: "Ìpè mẹ́ta òní ni Àjọ fi ń gba àṣẹ lọ́wọ́ opó. Tí Màmá bá dáhùn ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, wọ́n ti gbà fún Àjọ nìyẹn. Ohùn Bàbá á máa bá iṣẹ́ lọ, a ó sì fi pe màlúù ní gbogbo ilé ìdúró tó wà láti ibí títí dé Kíṣí. Kò tún ní í ṣeé gbà padà mọ́. Tí ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjá láìsí ìdáhùn, ohùn ti kú. Màá yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, màá gbé e lé yín lọ́wọ́ kí ẹ lọ sin ín. Ọkọ̀ á wá kó agbo yìí lọ sí odò ẹran fún pípa ní ìrọ̀lẹ́."

"Gbogbo wọn?" Àǹtí Ìbíyẹmí bi í.

"Gbogbo wọn, mà. Agbo tí kò lóhùn kò lè jẹun mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ pa á kí ebi tó pa á. Tí a bá sì bọ́ ẹran láìfi ohùn èèyàn pè é, alápatà kankan ò gbọdọ̀ gbé ọ̀bẹ sí i."

"Òfin wèrè wo nìyẹn?"

Akínkúnmi wo ojú mi, ó sì wolẹ̀. Ojú tì í láti sọ ọ́. Èmi ni mo bá a sọ ọ́. "Àbúrò yín ló dá a sílẹ̀, àǹtí mi."

Ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ ìjẹko pọ̀ jù, tí ìlú ń sun ìlú, ìjọba pàṣẹ pé pátákò màlúù kò gbọdọ̀ kan erùpẹ̀ mọ́. Wọ́n kó gbogbo ẹran sínú ilé, wọ́n tẹ́ rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn màlúù bá kọ oúnjẹ. Wọ́n ń dúró, wọ́n ń wo koríko níwájú wọn, wọ́n ń kú. Ládiméjì ọkọ mi, tó jẹ́ pé oúnjẹ ẹran ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kò sí ohun tí kò pò pọ̀: èèpo pákí tí a sá gbẹ, ewé àgúnmániyè, èèpo ẹ̀wà, èérí ọkà, iyọ̀, omi ìrèké. Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì yíjú kúrò.

Lọ́jọ́ kan, àwàdà lásán ló ń bá mi ṣe. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni. Ó dúró láàárín àwọn ẹran, ó pariwo, "Oúnjẹ dé o!" Èmi náà dáhùn látinú yàrá oúnjẹ, "A ti gbọ́ o!", mo sì da oúnjẹ sínú ọpọ́n. Màlúù kan báyìí tẹ orí ba, ó jẹun. A tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, méjì jẹ. Bí eré ọkọ àti ìyàwó ṣe di ìmọ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti ibi gbogbo, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn wọn ikùn ẹran. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹran tí ẹnì kan ń pè, tí ẹnì kejì sì ń dáhùn, ló ń jẹ, òun ló ń sanra. Ìjọba sọ ọ́ di òfin. Nínú gbogbo olóhùn tí wọ́n gbà síṣẹ́, kò sí èyí tí màlúù fẹ́ràn tó Ládi.

Màlúù tó kọ́kọ́ jẹun yẹn ni Ládi sọ ní Ìyálé. Ó ní màlúù náà ló kọ́kọ́ gba òun gbọ́, kí èmi tó gba òun gbọ́, nítorí náà, èmi ni ìyàwó kékeré. Ìyálé ti kú, ọmọ rẹ̀ jẹ orúkọ náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ báyìí, ó lóyún sínú. Èmi ṣì ni ìyàwó kékeré.

"Ìyàwó," Àǹtí Ìbíyẹmí wí, "mo ti sọ fún ọ pé wọ́n rí Ládi ní Kíṣí."

"Ẹ ti sọ ọ́, mà."

"Màá tún un sọ. Ẹni tí kì í parọ́ ló rí i. Ìyá onírú tó máa ń ná ọjà ibẹ̀ ni. Ó ní ọ̀sán gangan ni, Ládi ru ewé àgúnmániyè sórí, ó ń kọjá lọ. Ó kí i. Ládi dúró, ó wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn tó jáde. Ó ní bó ṣe ń la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀." Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀rọ. "Báwo ni ohùn á ṣe jáde? Ohùn rẹ̀ wà níbí, ẹ ń fi bọ́ ẹran. Àkúdàáyà ni ẹ sọ àbúrò mi dà. Kò rí ilé padà wá, kò rí ọ̀run lọ."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni ìyá onírú pa, ṣùgbọ́n èmi gan-an mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọjọ́ tí a sin ín ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ni. Àwọn àgbà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ ìdágbére. Àfi gbàù! Ohùn rẹ̀ dún láti ilé ìdúró, ó jí pépé, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín: "Oúnjẹ dé o!" Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń sá! Àlùfáà sá. Àwọn tó gbé ṣọ́bìrì dání jù ú nù. Àǹtí Ìbíyẹmí ju bàtà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé a ò tíì sọ fún òkú pé kó máa lọ.

Èmi nìkan ni kò sá. Mo dúró létí sàréè, mo fi gbogbo ohùn mi dáhùn: "A ti gbọ́ o!"

Kì í ṣe nítorí màlúù. Kí ni mo fẹ́ fi bò? Ọkọ mi ló pè mí, mo jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́, ó ń pè, mo ń jẹ́. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa láti kékeré pé tí òkú bá pe èèyàn, a kì í dá a lóhùn. Mo ti dá a lóhùn títí ẹran ara mi fi gbẹ tán, tí ẹ̀gbà ọwọ́ mi ń bọ́ fúnra rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn opó mìíràn dákẹ́ rọ́rọ́, tèmi ò dákẹ́.

"Ó fẹ́ pè," Akínkúnmi wí.

Mo bo ẹnu mi.

"Oúnjẹ dé o!" Ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà, ó fi kún un, ohùn rẹ̀ rọ̀: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ebi ò pa yín ni? Oúnjẹ dé."

Iná funfun tàn. Àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyálé fi iwájú orí gbá ọpọ́n, ó tún gbá a, itọ́ ń dà wàràwàrà lẹ́nu rẹ̀. Oúnjẹ wà lókè orí wọn nínú agbada irin, ewé tútù àti èèpo pákí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ìdáhùn mi nìkan ló lè ṣí i. Ó ti dé ọ̀fun mi. Mo ti la ẹnu! Àǹtí Ìbíyẹmí fò dìde lórí àpò, wọ́n ki etí gèlè wọn bọ̀ mí lẹ́nu, wọ́n sì di orí mi mú mọ́ àyà wọn pẹ̀lú gbogbo agbára wọn títí iná fi kú.

Nígbà tí mo yọ gèlè, mo yíjú sí Akínkúnmi. "Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí! 'Ebi ò pa yín ni', kò sọ ọ́ rí láyé rẹ̀. Ta ló sọ ìyẹn?"

"Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, mà. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá ti sọ ní ilé yìí nínú, àti gbogbo ìró tó bá gbọ́ nígbà tí iná ń tàn. Tí ọ̀kan ò bá mú ìdáhùn wá, á tò ó pọ̀, á dán òmíràn wò. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, á dì í mú."

"Nítorí náà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Ó dá ọ lójú?"

Ọmọ náà fẹ́ sọ pé ó dá òun lójú. Ó gbé ojú wo ẹ̀rọ. "Wọ́n ò kọ́ wa débẹ̀, mà," ló sọ.

Mo lọ bá Ìyálé. Mo gbé ọwọ́ lé e nínú. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ta mí nípàá. Màlúù tí Ládi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá oúnjẹ fún ni wọ̀nyí, tí pàǹtí oko lásán ń di ẹran lára wọn. Káàdì ẹran tí àwọn ọmọ ilé ìwé ní agbègbè yìí ń mú lọ gba ẹran, agbo yìí ló ń san án. Tí mo bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Alẹ́ ọjọ́ náà, ilé á ṣófo, rọ́bà lásán ni màá máa gbá. Tí mo bá sì dáhùn, ọkọ mi á máa pe màlúù láti ibí dé Kíṣí títí ayé, ẹnu á máa mì, kò ní í rí ohùn bá àwọn bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo sunkún gan-an, imú mi ń dà. Ìyálé fi ahọ́n lá apá mi nítorí iyọ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" Àǹtí Ìbíyẹmí bi mí. Wọn ò pariwo mọ́.

"Kó máa lọ," mo ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ jókòó."

"Ọlọ́run á bù kún ọ." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n a ò lè jẹ́ kó lọ bí ajá tó sọnù. A sá fún un lójú sàréè, ìyàwó. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sá. Kò sẹ́ni tó dá gbére fún un. Òkú tí wọn ò dá gbére fún, ṣé ó lè mọ̀ pé òun ti kú ni?"

"Kí la fẹ́ ṣe báyìí?"

"Ó fẹ́ pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ti pè, tó ń fetí sílẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o sọ ọ́ fún un. A kì í dágbére fún ẹni tí kò sí nílé. Má sọ 'a ti gbọ́' o! Ìyẹn ni ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ òkú ni kó o sọ fún un, kó lè mọ̀nà."

Ó bọ́gbọ́n mu lójú èmi náà. Mo wo Akínkúnmi bóyá ó gbọ́, àmọ́ ó ti jáde sẹ́nu géètì, ó ń bá awakọ̀ odò ẹran sọ̀rọ̀. Mo nu ojú mi, mo tún ìró mi ró. Mo kúnlẹ̀ sórí rọ́bà níwájú ẹ̀rọ, bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ tó bá wù mí láti bá a ṣeré.

Ìpè kẹta kò dún bí ìpè. Ohùn náà wálẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó kékeré," ó wí. "Oúnjẹ dé o. Ṣé inú ń bí ọ sí mi ni?"

Yéè! Iná funfun tàn sí mi lójú. Mo rí Akínkúnmi tó ń bọ̀ látẹnu géètì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sáré, mo rò pé ọkọ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò dá a lóhùn. Ọkọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Inú ò bí mi, Ládi mi," mo ní. "Máa lọ o. Má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o máa bá wọn jẹ. Ó dìgbà o. Ó dojú àlá."

Gbàù! Agbada irin ṣí. Ewé àti èèpo pákí dà wálẹ̀ sínú ọpọ́n, eruku rẹ̀ gba ojú mi. Gbogbo màlúù tẹ orí ba. Àpótí ẹlẹ́rìí dún lẹ́ẹ̀kan, ó tan iná àwọ̀ ewé.

Akínkúnmi dé, ó ká ọwọ́ lérí. "Màmá! Kí lẹ ṣe báyìí? Kí lẹ sọ̀rọ̀ sí?"

"Mi ò dáhùn! Mi ò sọ pé 'a ti gbọ́'! Ìdágbére ni mo ṣe!"

"Kì í gbọ́ èdè, mà! Ohùn yín ló ń gbọ́. Bó bá ṣe èébú ni ẹ bú u, bó bá ṣe ikọ́ ni ẹ wú, ìdáhùn ni!"

"O ò sọ fún wa."

"Mo rò pé ẹ mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dá a lóhùn látọjọ́ yìí…"

Mi ò fi nǹkan mìíràn dá ẹ̀rọ lóhùn rí. Láti ọjọ́ àwàdà yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo ń sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Akínkúnmi kúnlẹ̀ ti àpótí, ó ń tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń wí pé ohùn náà ti lọ, ó ti dé Kíṣí. Àǹtí Ìbíyẹmí rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí rọ́bà tí wọn ò fẹ́ kó kan ẹsẹ̀ wọn. Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, kò sẹ́ni tó lè ṣà á.

Ilé ìdúró kan wà ní òdìkejì ọ̀nà, tí olóhùn tiwọn kú lóṣù tó kọjá. Láti ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Oúnjẹ dé o!" ọkọ mi wí níbẹ̀. Àwọn màlúù ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó wá dán ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu mi, èyí tó ṣí irin lọ́dọ̀ wa, wò.

"Má jọ̀kùn o," ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n. "Má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o máa bá wọn jẹ."

Ẹnìkan dáhùn níbẹ̀, bóyá ìbẹ̀rù ló fi ké. A gbọ́ tí irin wọn ṣí. Ilé ìdúró tó tẹ̀lé e náà bẹ̀rẹ̀, àti èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, ní ọ̀nà Kíṣí lọ́hùn-ún, ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sin ín ló fi ń pe màlúù jẹun.

Àǹtí Ìbíyẹmí fà mí lápá, wọ́n ní kí n dìde, kí a máa lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ tán.